Tíṣà, Kí Ni Wọ́n Bá Nígbà Tí Wọ́n Wá Orúkọ Yín?

Ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà ni a fẹ́ sọ lónìí. Bí ẹ kì í bá ṣe tíṣà, ẹ má ṣe tètè ṣí ewé náà kọjá, nítorí ekukáká ni a fi lè rí ìdílé kan nínú ìjọ tí kò ní tíṣà kan, yálà ìyàwó ilé ni, tàbí àbúrò, tàbí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba NCE bọ̀.

Arábìnrin kan wà láàárín wa tó fi ọdún 19 kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ìwé aládàáni kan. A ó fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí ìjọba ti àwọn ilé-ìwé pa ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, ilé-ìwé náà kò rí owó oṣù san mọ́. Nígbà tí wọ́n sì ní kí gbogbo ilé-ìwé padà ṣí, tiwọn kò ṣí mọ́. Arábìnrin wa kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí ibi púpọ̀. Ilé-ìwé kan ní ìlú mìíràn pè é, ọ̀gá ibẹ̀ sì fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Mà, a ka lẹ́tà yín, ó dára gan-an. A wá orúkọ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí a lè mọ bí ẹ ṣe ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí a rí, oògùn tó ń mú ikùn wọlé ló ń tà." Orúkọ kan náà ni, ènìyàn ọ̀tọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n wá rí arábìnrin wa gan-an nísàlẹ̀, àwòrán aṣọ ẹbí níbi ìsìnkú bàbá àgbà kan ni wọ́n bá, àti àríyànjiyàn kan lórí ìdìbò ọdún 2015 tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì lò ju ọdún 4 lọ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n gbà. Ó ti ṣe fídíò oníṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá lórí àwọn ibi tó máa ń le fún àwọn ọmọ nínú ìṣirò, ọ̀gá náà sì ti jókòó wo mẹ́ta nínú wọn kí ó tó pè é rárá.

A kò sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò mọ iṣẹ́. Ó lè mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tó dùn wá ni pé odidi ọdún 19 arábìnrin wa kò ní ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lè yẹ̀ wò.

Ẹ wo iṣẹ́ tíṣà bí ó ti rí. Télọ̀ rán aṣọ, aṣọ ń rìn kiri ìgboro, àwọn ènìyàn ń béèrè ẹni tó rán an. Káfíńtà kan àga, a jókòó lé e fún ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n tíṣà a máa kọ iṣẹ́ rẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù ní aago mẹ́jọ, nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tún nù ún kúrò. Èyí tó kù wà nínú orí àwọn ọmọ, orí ọmọ kì í sì í ṣe ibi tí ọ̀gá ilé-ìwé mìíràn lè yọjú wò. Láyé àtijọ́, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan, nítorí gbogbo àdúgbò ló mọ tíṣà. Bí a bá dárúkọ rẹ̀ lọ́jà, ẹnìkan á ní òun ló kọ́ òun ní ABD. Ìlú ti fẹ̀ báyìí. Ẹni tó fẹ́ gba yín síṣẹ́, òbí tó ń wá ẹni tí yóò máa wá kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé, àwọn tó ń fún tíṣà ní owó ìrànlọ́wọ́ láti lọ kọ́ ìmọ̀ sí i, íntánẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú wọn ń kọ́kọ́ yà sí. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lóde òní, orúkọ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó béèrè ilé.

A mọ̀ pé àwọn kan ti ń mi orí. Wọ́n á ní ìgbéraga ni kí ènìyàn máa gbé ara rẹ̀ lárugẹ, pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rere kò gbọ́dọ̀ máa lu agogo. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà ìjọ pàápàá, a kò sì fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí ènìyàn máa pariwo ara rẹ̀ àti kí ó ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó gbé àwòrán ara rẹ̀ mẹ́wàá jáde nínú aṣọ ìgboyè, ariwo ló pa. Ẹni tó fi hàn bí òun ṣe ń fi ọsàn ṣàlàyé ìdajì àti ìdá mẹ́rin fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, oore ló ṣe fún tíṣà mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà ti sú. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa, ṣùgbọ́n àwọn kan náà tó ń pè é ní ìgbéraga kì í tijú láti tẹ ojú wọn sí kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìbí.)

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan wá láti orílẹ̀-èdè Gáánà. Tíṣà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Richard Appiah Akoto, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Sekyedomase, ní agbègbè Ashanti. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ilé-ìwé náà kò ní kọ̀ǹpútà kankan láti ọdún 2011. Ìdánwò ìjọba tí àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ yege kí wọ́n tó lè tẹ̀ síwájú sì ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà nínú. Kí ni tíṣà yìí ṣe? Ó mú ṣọ́ọ̀kì oríṣiríṣi àwọ̀, ó sì ya gbogbo ojú Microsoft Word sójú bọ́ọ̀dù: àwọn àmì kéékèèké orí rẹ̀, ibi tí a ń kọ ọ̀rọ̀ sí, títí dé etí rẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ náà yà á sínú ìwé wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ó gbé àwòrán bọ́ọ̀dù náà sí ojú ewé rẹ̀ lórí Facebook.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwòrán náà ti kárí ayé. Ilé-iṣẹ́ Microsoft gbọ́, wọ́n sì mú tíṣà náà lọ sí Singapore ní oṣù kẹta ọdún kan náà, síbi ìpàdé àwọn olùkọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà NIIT ní Gáánà gbé kọ̀ǹpútà 5 wá fún àwọn ọmọ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ránṣẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń ya kọ̀ǹpútà sínú ìwé wá fọwọ́ kàn án.

A kò sọ ìtàn yìí kí tíṣà kankan lè máa retí Singapore. Ọ̀pọ̀ nǹkan rere ni yóò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn ogún péré yóò wò, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni ohun tó gbé jáde. Bọ́ọ̀dù ni. Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni, pẹ̀lú àìní tó wà nínú rẹ̀. Kò dúró de ìgbà tí ilé-ìwé yóò ní kọ̀ǹpútà kí ó tó jẹ́ kí ayé rí òun.

Ẹlòmíràn tún wà tí ìtàn rẹ̀ yàtọ̀. Salman Khan ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà. (Kì í ṣe òṣèré fíìmù Íńdíà o, a ó padà sórí ìyẹn.) Ní ọdún 2004, iṣẹ́ owó ló ń ṣe ní Boston, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ìbátan rẹ̀ kan, Nadia, ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn, nítorí ọmọ náà wà ní New Orleans. Nígbà tó ṣe, àwọn ọmọ ìbátan mìíràn dara pọ̀, àyè kò sì gbà á mọ́ láti máa bá wọn jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2006 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀kọ́ náà sí YouTube kí wọ́n lè máa wò ó nígbà tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àwọn tí kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ní 2009 ó fi iṣẹ́ owó sílẹ̀. Ohun tó wọ̀ wá lójú jù ni pé ojú rẹ̀ kì í hàn nínú àwọn fídíò yẹn: ohùn rẹ̀ àti ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ lórí ilẹ̀ dúdú bíi bọ́ọ̀dù ni. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń tijú kámẹ́rà, kò sí àwáwí níbẹ̀ mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí orúkọ. Ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ kí tíṣà ṣe kò ná an ju dátà díẹ̀ lọ. Ẹ kọ orúkọ yín sínú Google lórí fóònù ẹlòmíràn, kì í ṣe tiyín, nítorí fóònù yín ti mọ̀ yín, ó sì lè kọ́kọ́ gbé ohun tí ẹ máa ń wò wá fún yín. Ẹ wo ohun tó jáde. Bóyá kò sí nǹkan kan. Bóyá ẹlòmíràn ni. Orúkọ wa nílẹ̀ Yorùbá pọ̀ lọ́wọ́ wa. Mélòó ni Adébáyọ̀ Ògúndélé tó wà láyé? Salman Khan gan-an bá òṣèré fíìmù pàdé lójú ọ̀nà orúkọ, Sal Khan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ń jẹ́ Khan Academy. Bí orúkọ yín bá wọ́pọ̀, ẹ fi orúkọ kẹta tí ìyá ìyá yín sọ yín sí àárín, kí ẹ sì máa lò ó bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo láìyí i padà: nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, lórí LinkedIn, lórí fídíò yín, lẹ́yìn ìwé tí ẹ bá kọ. Kí ó sì bá èyí tó wà lọ́dọ̀ TRCN mu, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀ ní Nàìjíríà lábẹ́ òfin ọdún 1993, nítorí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá tíṣà tòótọ́ ni yín lè béèrè nọ́ńbà yẹn.

Ṣé kí a fi àmì sí i tàbí kí a má fi sí i? Tíṣà èdè Yorùbá, ẹ fi àmì sí i, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Kọ́lá Túbọ̀sún, tó lọ kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní èdè Yorùbá ní yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Illinois ní ọdún 2009, máa ń fi àmì sórí orúkọ rẹ̀. Òun kan náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2015, tí ẹnikẹ́ni lè lọ wo ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń kọ́ni ní àmì ohùn tí kò fi àmì sórí orúkọ ara rẹ̀, kí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wí?

Íméèlì náà ńkọ́? A ti rí tíṣà tó jẹ́ ìyá ọmọ mẹ́ta tí íméèlì rẹ̀ ṣì jẹ́ èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a ṣí ní káfè nígbà tó wà ní ilé-ìwé girama, tó ní "sweet" nínú. Ẹ ṣí òmíràn lónìí.

Ibi tí ẹ ó kọ́ ilé sí ni ọ̀rọ̀ tó gùn díẹ̀. Facebook, YouTube, Instagram, TikTok, ilé àyágbé ni gbogbo wọn. Ẹ lè máa gbé e, kí ẹ kùn ún, kí ẹ gbin òdòdó síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ onílé ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de Twitter, èyí tí wọ́n ti sọ di X láti ọdún 2023. Ó lé ní oṣù méje kí wọ́n tó ṣí i ní oṣù kìíní ọdún 2022. Àwọn tíṣà tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń bá àwọn òbí àti ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ kàn dákẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Google+ tí Google fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, ó tì í pa fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kẹrin ọdún 2019. Èyí tó dun àwọn tíṣà jù ni Edmodo, tí wọ́n dìídì kọ́ fún olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ tíṣà káàkiri ayé ti kó iṣẹ́ ọdún púpọ̀ síbẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá, ìdánwò, àlàyé, gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 wọ́n tì í pa. Ẹni tí kò bá ti kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó tán nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ yá ilé gbé, ṣùgbọ́n ẹ ní ilẹ̀ tiyín, bó ṣe wù kí ó kéré mọ. Ilẹ̀ náà ni orúkọ ìkànnì tí ẹ fi owó ara yín rà, tó parí sí .com tàbí .ng, tí ẹ ó máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Ojú ewé kan ṣoṣo tó níbẹ̀: ẹni tí ẹ jẹ́, ohun tí ẹ ń kọ́, ọmọ ọdún mélòó, ìwé-ẹ̀rí yín, ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí ẹ ti kọ́ni tí ènìyàn lè wò tàbí kà, àti bí a ṣe lè kọ̀wé sí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: bí ẹ bá gbé e fún àwọn ọmọkùnrin tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà kí wọ́n bá yín ṣe é, ẹ rí i pé orúkọ yín, íméèlì yín àti nọ́ńbà fóònù yín ni wọ́n fi rà á. A ti rí i tí ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ ra orúkọ ìkànnì tí tíṣà san owó rẹ̀, tí kò sì gbé fóònù mọ́ nígbà tí ọdún yípo. Ẹni tí kò bá tíì lówó rẹ̀, kí ó lo èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ̀dà ohun gbogbo wà nílé, nínú fíláàṣì àti nínú dúrọ́ọ̀.

Kí wá ni kí a gbé síbẹ̀? Iṣẹ́ yín gan-an. Ẹ mú ibi kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣubú, kí ẹ sì fi hàn bí ẹ ṣe ń gbé wọn kọjá. Tíṣà kẹ́mísírì tí kò ní yàrá àyẹ̀wò, tó fi omi eérú àti oje ọsàn wẹ́wẹ́ kọ́ni ní ásíìdì àti béèsì, ìyẹn ló yẹ kí a rí. Bí ẹ̀kọ́ kan kò bá yọrí sí rere, ẹ lè sọ ọ́ pẹ̀lú, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì. Tíṣà tó sọ pé gbogbo ẹ̀kọ́ òun ló dára, ọ̀gá ilé-ìwé tó gbọ́n kò ní gbà á gbọ́. Fídíò kò pọn dandan, nítorí dátà wọ́n. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ tàbí àwòrán bọ́ọ̀dù pẹ̀lú àlàyé tó ṣe ṣókí tó. Kò sí ohun tó burú nínú kí a lo àlàyé tíṣà mìíràn bí a bá dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó da nọ́ọ̀tì olóhun kọ tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, olè ni, íntánẹ́ẹ̀tì sì rọrùn fún mímú olè. Tíṣà tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n ti ń pín ẹ́sípò WAEC, gbogbo ohun tí a ń sọ yìí kò lè ràn án lọ́wọ́.

Ibì kan wà tí a fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí ó ń bà wá nínú jẹ́. Ọ̀rọ̀ àwòrán àwọn ọmọ ni.

Ọ̀pọ̀ tíṣà rò pé bí ojú àwọn ọmọ kò bá sí nínú fídíò, kò ní dùn wò. Wọ́n á to àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú aṣọ ilé-ìwé, báàjì hàn, orúkọ hàn lára ìwé, wọ́n á sì gbé e jáde. Ẹ rò ó wò bí òbí. Àlejò tí kò dára ti mọ ojú ọmọ yín, ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ilé-ìwé rẹ̀, ó tún mọ àkókò tó ń jáde, gbogbo rẹ̀ láti ọwọ́ tíṣà tó ń wá òkìkí. Èyí tó tún burú jù ni àwọn fídíò ẹ̀rín. Wọ́n á pe ọmọ tí kò mọ sípẹ́lì jáde, wọ́n á bi í léèrè, á kùnà, tíṣà á rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kámẹ́rà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn á sì bá a rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn yóò dàgbà. Yóò wá iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, wọn yóò sì wá orúkọ tirẹ̀ náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ní Nàìjíríà fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀, òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 sì ní kí a gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí a tó lo ìsọfúnni ọmọdé. Kí tíṣà bèèrè lọ́wọ́ òbí ní kíkọ sílẹ̀, kí ó bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, bí wọ́n bá sì ní rárá, rárá náà ni.

Àwa fẹ́ràn kí tíṣà má lo ojú ọmọ rárá. Ọwọ́ ọmọ tó ń kọ̀wé, ìwé rẹ̀ tí a ti bo orúkọ orí rẹ̀, ohun tí àwọn ọmọ fi amọ̀ mọ, bọ́ọ̀dù, ohùn tíṣà, ìwọ̀nyí tó. Bọ́ọ̀dù ni gbogbo ayé wò ní Sekyedomase. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbí. Bí ẹ bá rí ọmọ yín lórí ojú ewé tíṣà láìgba àṣẹ, ẹ má ṣe lọ bú tíṣà níwájú kíláàsì. Ẹ pè é sẹ́yìn, ẹ ní kí ó yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ alẹ́ ló kù. Ohun tí tíṣà kọ ní aago mọ́kànlá alẹ́ nígbà tí owó oṣù kò wọlé, tàbí nígbà tí ìdìbò ń gbóná, kì í lọ mọ́. Bí a bá tilẹ̀ pa á rẹ́, ẹnìkan ti ya àwòrán rẹ̀ sínú fóònù. Kí ẹ fi alẹ́ sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí tíṣà má ṣe máa bá ọmọ ilé-ìwé sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lórí WhatsApp, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti ẹ̀kọ́ tó. Kí òbí wà níbẹ̀, tàbí kí ó di ọ̀la ní kíláàsì.

Ẹ ti ń béèrè nípa arábìnrin wa. Ó ti rí iṣẹ́ ní ilé-ìwé kan nítòsí, owó rẹ̀ kò tó ti àtijọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló bá a gba fídíò àkọ́kọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná, lórí bí a ṣe ń yọ ìdá kan kúrò nínú ìdá mìíràn. Jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ilé wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí a bi í, ènìyàn 11 ló ti wò ó, 6 nínú wọn jẹ́ ẹbí. Ó ti ṣe mẹ́rin báyìí. Ó tún lọ bẹ ẹni tó gbé àwòrán aṣọ ẹbí yẹn sórí Facebook kí ó yọ orúkọ òun kúrò lára rẹ̀, onítọ̀hún sì ń bínú títí di òní.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni àyè gbà oṣù yìí. Arábìnrin kan tó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kọ̀wé pé òun ti tẹ àpilẹ̀kọ mẹ́ta jáde ní orúkọ bàbá òun, òun yóò sì ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kejìlá. Ó ní bí òun bá yí orúkọ padà, ṣé iṣẹ́ òun kò ní sọnù? Arábìnrin, orúkọ tí ẹ ó máa jẹ́, ọ̀rọ̀ yín àti ọkọ yín ni, a kò ní dá sí i. Àwọn kan ń so méjèèjì pọ̀, àwọn kan kì í so ó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ lọ gba nọ́ńbà ORCID lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà láti ọdún 2012. Nọ́ńbà 16 ni, ó ń tẹ̀ lé ènìyàn bí orúkọ bá tilẹ̀ yípadà, àyè sì wà nínú rẹ̀ láti kọ orúkọ mìíràn tí a mọ̀ yín sí. Ẹ so àpilẹ̀kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ lórí Google Scholar pẹ̀lú. Lójú ewé yín, ẹ kọ orúkọ àtijọ́ sí abẹ́ tuntun. Kò ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣe é kí wàhálà aṣọ ẹbí tó bẹ̀rẹ̀.